Ẹ̀gẹ́ Díndín ní Drummond Street

Ìyá mi kì í jẹun níta. Kì í ṣe pé ó láhun, kì í sì í ṣe tìtorí owó nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò sí lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé òun ò lè jẹ oúnjẹ tí òun ò mọ ọwọ́ tó sè é. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi fi mí ránṣẹ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́ láti lọ ka ìwé girama, ilé la ti ń jẹun: ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, ẹ̀wà, àmàlà tí wọ́n fi èlùbọ́ tí ará ilé kó bọ̀ rò, iṣu láti ọjà Ridley Road nígbà tí ìyá mi bá rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibì kan ṣoṣo ni òfin rẹ̀ kò dé, ìyẹn ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà kan ní Drummond Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Euston. Mo ti jẹun ní ibi púpọ̀ láti ìgbà náà wá, òmíràn sì gbówó lórí gan-an. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n sọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àwọn òbí mi lálejò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni màá sọ.

Ọ̀rọ̀ àlejò ṣíṣe yìí jinlẹ̀ lọ́kàn mi. Iṣẹ́ òru ni bàbá mi ń ṣe ní Mount Pleasant, ilé ńlá tí Royal Mail ti ń ṣa lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Á dé láàárọ̀, á sùn díẹ̀, á sì gba kíláàsì tó ti ń kọ́ ìṣirò owó lọ. Ìyá mi ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn kan. Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń rán níṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń ní kó yà lọ́nà. Mo tẹ̀ lé ìyá mi débi iṣẹ́ nígbà ìsinmi ilé ìwé, mo sì rí bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù kọjá láì wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù bá ti wọlé, tí Sátidé bá dé, a ó wọ bọ́ọ̀sì 73 láti Stoke Newington, a ó sọ̀ kalẹ̀ ní Euston. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ náà báyìí, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun á dìde, á fi aṣọ nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, á fa àga fún ìyá mi, á ní, "Madam, ẹ jókòó." Á ti gbé omi wá nínú kọ́ọ̀bù irin kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ìyá mi tí kì í sinmi nílé á gbé báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì jókòó bí ìyálọ́jà lọ́jọ́ ọdún. "Ọ̀gá" ni bàbá mi ń pe ọkùnrin náà. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń pe bàbá mi ní ọ̀gá, tí wọ́n á máa wí i síra wọn títí oúnjẹ á fi dé.

Òpópónà kúkúrú ni Drummond Street. Ẹni tó bá ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin lè máà mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀. Ọdún 1965 ni Ambala bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ìpanu aládùn níbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi wàrà àti ṣúgà ṣe. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àwọn ilé oúnjẹ tí kì í se ẹran rárá ti ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Téèyàn bá yà síbẹ̀ láti Euston, atalẹ̀ àti ata gbígbẹ ni imú á kọ́kọ́ kí káàbọ̀.

Ọdún 1965 kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ tó ní kí ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì má ṣe kọ ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Kí òfin yẹn tó dé, ojú àwọn èèyàn wa rí nǹkan. Ní 1943, Learie Constantine, ọmọ Trinidad tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí eré kíríkẹ́ẹ̀tì, sanwó sílẹ̀ fún yàrá ní Imperial Hotel ní Russell Square, téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Euston. Nígbà tó gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n ní wọn ò lè sùn níbẹ̀ ju alẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1944, gínì márùn-ún nilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un. Bàbá mi ló sọ ìtàn náà fún mi níwájú òtẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, ó dúró, ó nàka sí i. Kì í fẹ́ wọ ibi tí wọn ò bá ti ní kó wá. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí àjèjì ti ń se oúnjẹ fún àjèjì ló mú wa lọ.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Dosa ni tèmi. Ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí èèpo rẹ̀ dúdú, tí wọ́n ń pè ní urad, ni wọ́n ń rẹ sómi. Wọ́n á lọ̀ wọ́n kúnná, wọ́n á pò wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè kan. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo lè rí ọwọ́ ẹni tó ń dín in láti ibi tí mo jókòó sí. Á wọ́n omi sórí irin pẹrẹsẹ tó wà lórí iná láti mọ bó ṣe gbóná tó. Á da ìgbakọ kan sí àárín rẹ̀, á wá fi ìdí ìgbakọ yẹn kan náà máa yí i láti àárín lọ sí etí, títí á fi fẹ̀ ju àwo lọ, tí á sì fẹ́lẹ́ débi pé ojú irin á máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Á ta òróró yí etí rẹ̀ ká. Bí ìdí rẹ̀ bá ti pọ́n, á kó pòtétò tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa, àlùbọ́sà, hóró músítádì àti ewé kọ́rì sè sí i láàárín, á sì ká a. Nígbà tó bá fi dé iwájú mi, etí rẹ̀ á ti yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì àwo. Etí yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń kán jẹ. Ó ń fọ́ lẹ́nu, ó sì kan díẹ̀, kíkan rẹ̀ kì í tètè kúrò lórí ahọ́n.

Vada ni ti ìyá mi. Àkàrà ni, kò sí ohun méjì tí mo lè pè é. Ẹ̀wà urad yẹn náà ni wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò títí afẹ́fẹ́ fi kún inú rẹ̀, kí wọ́n tó jù ú sínú òróró gbígbóná. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kò fi sẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bù ú sí méjì, ó wo inú rẹ̀ sójú iná, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Wọ́n bó ẹ̀wà yìí mọ́," ló wí. "Ẹni tó lọ̀ ọ́ ò fomi bà á jẹ́." Ihò tó wà láàárín rẹ̀ nìkan ni kò yé e, àti àgbọn lílọ̀ tí wọ́n gbé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ ẹ́, ó sì ní kí wọ́n tún gbé òmíràn wá. Láti ọjọ́ yẹn la kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó se oúnjẹ mọ́ níbẹ̀, nítorí ó ti mọ ọwọ́ náà.

Bésìnì ìfọwọ́ wà ní igun yàrá náà, èyí sì wú u lórí ju ohunkóhun lọ. Gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Nílé ìwé mi, obìnrin tó ń bójú tó wa lásìkò oúnjẹ ti gbá mi lọ́wọ́ rí nítorí pé mo fi ìka mú oúnjẹ, àwọn ọmọ tó wà ní tábìlì sì rẹ́rìn-ín títí ojú fi tì mí. Ní Drummond Street, mo ń wo àwọn àgbà ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó de táì, tí wọ́n ń fi ìka kó ìrẹsì àti ọbẹ̀ pọ̀ wẹ́rẹ́, tí ohunkóhun ò kán sí wọn láṣọ. Mo jẹun níbẹ̀ bí mo ṣe ń jẹun níwájú ìyá mi nílé. Ọmọdé tó bá ti ń gbé ìgbé ayé méjì nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó.

Ẹ̀gẹ́ ló tú ìtàn tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ síta. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 ni, mo ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òtútù mú, ilé oúnjẹ ti dá, àwọn òṣìṣẹ́ sì fẹ́ jẹ tiwọn. Wọ́n gbé àwo kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sí tábìlì ẹ̀yìn. Ìyá mi gbé imú sókè, ó ní, "Ẹ̀gẹ́ nìyẹn."

Bàbá mi ní kò lè jẹ́ ẹ̀gẹ́, kí ni ará Íńdíà fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ ṣe?

"Dádì, ẹ̀gẹ́ ni. Wọ́n bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dín in."

Ọ̀gá ti gbọ́ pé à ń sọ̀rọ̀ àwo náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé tiwa wá. Ẹ̀gẹ́ ni lóòótọ́. Wọ́n gé e gígùn gígùn bí ìka, ara rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ funfun, wọ́n bu ata lílọ̀ sí i, wọ́n sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó ní àwọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé oúnjẹ nítorí pé àwọn oníbàárà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi bi í léèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó ní Kampala ni. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ti Gujarat wá ṣòwò ní Ùgáńdà, wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n bí òun náà síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ báyìí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń rà lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n bá jáde nílé ìwé.

Lẹ́yìn náà ló sọ bí ó ṣe kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà ní ọjọ́ 90 kí wọ́n fi kó jáde ní Ùgáńdà. Nǹkan bí 27,000 nínú wọn ló wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ ìlú Leicester tilẹ̀ sanwó ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Uganda Argus pé kí wọ́n má ṣe wá sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n kó apá kan wọn lọ sí ibùdó ológun tí wọn kò lò mọ́ ní Stradishall, ní agbègbè Suffolk, ibẹ̀ sì ni òun àti ìyá rẹ̀ ti lo ìgbà òtútù wọn àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ìyá mi gbé ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n lé àwa náà," ló wí.

N kò gbọ́ ọ rí. Mo mọ̀ pé Kumasi ni wọ́n bí i sí, mo mọ̀ pé èdè Twi ló fi ń ka owó tí kò bá fẹ́ ká gbọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n kàn kó padà sílé ni. Tábìlì yẹn ni mo ti gbọ́ pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìyá ìyá mi ń ta aṣọ, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣòwò káàkiri Gánà láti ayé bàbá wọn. Ìdajì aṣọ náà ló wà níta ní àwìn. Àwọn tó jẹ gbèsè mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún un láti kó o jọ, wọn kò sì yọjú. Wọ́n ta ibùsùn, wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ, iye tí ẹni tó ń rà á bá dá ni wọ́n ń gbà. Wọ́n wọ lọ́rì gba Tógò àti Dahomey dé ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú wọn, tí ìyá mi kò tíì gbé rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó. N kò rí i kó jókòó sí tábìlì oníbàárà rí.

Ó wá bi bàbá mi ní ohun kan, kì í sì ṣe pé ó fẹ́ fi gún un lára. Ó ní òun rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé Nàìjíríà náà ń lé àwọn èèyàn, ṣé òótọ́ ni? Ní oṣù kìíní ọdún 1983 yẹn gan-an ni ìjọba Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tó kó ẹrù sínú báàgì onílà tí a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Bàbá mi ti ń sọ nílé látìgbà tí ìròyìn náà ti jáde pé ìjọba ṣe é re, pé àwọn àjèjì ti pọ̀ jù, pé Gánà ló kọ́kọ́ ṣe é fún wa. Mo wo ojú rẹ̀, mò ń dúró kó sọ ọ́. Ìyá mi náà ń wò ó. Ó ní, "Òótọ́ ni," kò sì fi kún un. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kó tún sọ pé wọ́n ṣe é re.

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà wá, mo sì ti gbọ́ ọ̀mọ̀wé tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí èyí tó kọ́ mi tó àwo ẹ̀gẹ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ara rẹ̀ ló ń fa àga fún ẹni tí wọ́n lé jáde nílé tirẹ̀, nínú ìlú kẹta tí kò fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn dénú. Mo gbà pé ọ̀nà tó ń gbà kí wa káàbọ̀, tí bàbá mi kò lè júwe ju pé "ọkùnrin náà mọ èèyàn ṣe" lọ, ibi tí wọ́n ti lé e ló ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, sùúrù mi kì í pẹ́ tán bí wọ́n bá ń jiyàn lórí oúnjẹ Íńdíà tòótọ́ àti ayédèrú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé oúnjẹ tó kọ Íńdíà sí ara pátákó wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Sylhet ní Bangladesh ló ni ín, àwọn àgbà wọn mìíràn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù tí kò padà mọ́. Tiwa gba Kampala wá. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà ni, àwọn Potogí ló kó o dé èbúté Áfíríkà ní ìwọ̀ oòrùn àti ní ìlà oòrùn. Kọ́rì inú agolo tí ìyá mi ń gbọ̀n sínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, òyìnbó ló kó èròjà ará Íńdíà pọ̀ tó dì í, tó sì ń tà á káàkiri ilẹ̀ tó ń ṣàkóso. Ta ni ká wá ní ó ni ín? Mo fẹ́ mọ ẹni tó gbé e rìn, àti ohun tójú rẹ̀ rí lọ́nà.

Òpópónà náà kò rọrùn fún àwọn tó kù níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ojú irin HS2 ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ Euston láti ọdún pípẹ́. Wọ́n hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú ní ibojì àtijọ́ tó wà ní St James's Gardens, títí kan ti Matthew Flinders tó tu ọkọ̀ yí Ọsirélíà ká, tí wọ́n rí ní 2019. Wọ́n fi pákó dí ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà ya wọlé wá jẹun. Nígbà tó di 2023, ìjọba ní kí iṣẹ́ Euston dúró ná, pákó sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí. Ohun tí Drummond Street ṣe fún àwọn ìdílé bíi tiwa tóbi ju kí wọ́n jẹ́ kí eruku bò ó mọ́lẹ̀ lọ. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀, mo sì ń mú àwọn èèyàn dání, nítorí ilé oúnjẹ kì í fi ìyìn là, oníbàárà ló fi ń là.

Tiwa ti yí ọwọ́ padà. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí ọ̀gá, mo ti padà dé láti wá kàwé ní yunifásítì, ìyá mi sì ti lọ gbé Ogbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó béèrè ohun tí mo fẹ́ jẹ. Ó ní kí n bá òun sọ fún un pé òun ti lọ sí Kampala. Ìjọba Museveni ti ní kí àwọn tí Amin lé wá gba ilé wọn padà, òun náà sì lọ wo ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó bá obìnrin kan níbẹ̀ tó ń ta aṣọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí káńtà tí bàbá ọ̀gá kàn. Kò sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un. Ó ra aṣọ ọ̀pá mẹ́fà, ó sanwó, ó sì jáde.

Mo fóònù ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ó sanwó?"

Mo ní ó sanwó.

"Kò yẹ kó san án," ló wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fún obìnrin yẹn láṣọ sí i fáwọn ọmọ rẹ̀, màá wá jókòó, màá sì sọ orúkọ bàbá mi fún un. Kó mọ̀ pé káńtà yẹn lẹ́ni tó kàn án." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n bi í fún òun bóyá wọ́n ṣì ń dín ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà yẹn.